Ṣé ó yẹ kí ẹgbẹ́ afínnúfíndọ̀ wa di ẹ̀ka tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Agbẹjọ́rò. Ilé-Ifẹ̀ ni a wà. A tó bí ogún: akẹ́kọ̀ọ́ OAU, olùkọ́, àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ díẹ̀ láti Modákẹ́kẹ́. A máa ń ya ojú ọ̀nà, kànga àti ilé ìwòsàn àdúgbò wa sórí OpenStreetMap, máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè yà, tó sì lè tún ṣe, láì gba kọ́bọ̀. Láìpẹ́ yìí, àwọn kan nínú wa ní ká lọ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ká sì di ẹ̀ka OpenStreetMap Foundation, àjọ tó ń ti máàpù náà lẹ́yìn. Àwọn yòókù ní ká má fi ìwé àti oyè ba iṣẹ́ tó ń lọ dáadáa jẹ́. Ta ló tọ̀nà nínú wa?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, ẹ sì kú àfọkànṣe. Ẹ kò nílò ìwé kankan kí ẹ tó lè ya máàpù. Láti 2004 tí Steve Coast ti bẹ̀rẹ̀ OpenStreetMap ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹnikẹ́ni ti lè ṣí àkáǹtì lórúkọ ara rẹ̀, kó sì máa ya ọ̀nà. 2006 ni wọ́n tó dá Foundation sílẹ̀, iṣẹ́ ti ń lọ kó tó dé. Bó bá jẹ́ pé nítorí kí iṣẹ́ má baà dúró ni àwọn kan ṣe ń pe CAC, ẹ fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀.

Ohun tí mo máa ń bi ẹgbẹ́ tó bá wá bá mi ni pé: orúkọ ta ni owó yín wà? Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lójú òfin, ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ kì í ṣe ẹnì kan. Kò lè ra ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, báǹkì á sì béèrè ìwé CAC kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún un. Akápò á wá ní, "Ẹ san án sí tèmi." Ká ní ẹnì kan fi 600,000 náírà ránṣẹ́ kí ẹ fi ra fóònù tí ẹ óò máa gbé kiri àdúgbò. Ó wọ àkáǹtì akápò. Bí ọlọ́jọ́ bá dé sí akápò, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó ṣẹlẹ̀, báǹkì á ti àkáǹtì náà pa, wọ́n á ní kí ẹbí lọ gba àṣẹ àtiṣàkóso ogún nílé ẹjọ́. Owó yín ti dà pọ̀ mọ́ ogún olóògbé. Ẹ̀yin ni ẹ óò máa fi ọ̀rọ̀ inú WhatsApp ṣe ẹ̀rí níwájú opó tó ń ṣọ̀fọ̀. Olóòótọ́ ni akápò, olóòótọ́ ni ìyàwó rẹ̀, síbẹ̀ owó ti há.

Bó bá jẹ́ dátà àti owó ọkọ̀ tí oníkálùkù ń san lápò ara rẹ̀ nìkan ni ìnáwó yín, àwọn tó ní kẹ́ ẹ dúró ló tọ̀nà. Bí owó ẹlòmíràn bá ti ń bọ̀, tàbí tí ẹ fẹ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀, ẹ má ṣe jáfara.

Ẹ mọ ohun tí ẹ ń gbé lé èjìká o. CAMA ti 2020, òfin tó ń darí ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀, ní kí ẹgbẹ́ yan àwọn trustee, ìyẹn àwọn tí ohun-ìní ẹgbẹ́ á wà lọ́wọ́ wọn, kó ní ìwé òfin tirẹ̀, kó sì ṣe ìkéde nínú ìwé ìròyìn méjì, kí ẹni tó bá lòdì sí i lè sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 28. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ́dọọdún, láàárín 30 oṣù kẹfà sí 31 oṣù kejìlá, ẹ gbọ́dọ̀ fi ìwé ìjábọ̀ ọdún ránṣẹ́ sí CAC. Bí ẹ bá gbàgbé, owó ìtanràn ń bẹ. Ẹ kò sì lè pín èrè láàárín ara yín bí ẹgbẹ́ aláàjọ ṣe ń ṣe lópin ọdún. Iṣẹ́ tí ẹ kọ sínú ìwé nìkan ni owó náà wà fún. Bí kò bá sí ẹni tó fẹ́ràn ìwé kíkọ nínú yín, tó ṣe tán láti máa ṣe é lọ́dọọdún, iṣẹ́ yìí á sú yín.

CAC yàtọ̀ sí jíjẹ́ ẹ̀ka Foundation. Ẹgbẹ́ tó ti dá dúró lábẹ́ òfin orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló ń bá Foundation tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, orílẹ̀-èdè lódindi sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣojú fún. Ní Ítálì, Wikimedia Italia ló ń ṣe é. Ní Jámánì, FOSSGIS ni. OpenStreetMap nìkan kọ́ ni àwọn méjèèjì wà fún. Èyí ló wù mí jù fún yín: ẹ wá àjọ tó ti ní òrùlé, ìyẹn èyí tó ti dá dúró lábẹ́ òfin, kí ẹ yà sábẹ́ rẹ̀. Nínú ọgbà OAU níbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ AFRIGIST wà, èyí tí wọ́n ń pè ní RECTAS tẹ́lẹ̀, láti 1972 ni wọ́n sì ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ máàpù. Ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè gba owó sọ́wọ́ lórúkọ yín, pẹ̀lú àdéhùn tó wà lákọsílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí mi ò fẹ́ fò. Ẹ mọ ìtàn tó wà láàárín Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Lónìí, bí ẹnì kan bá kọ orúkọ àdúgbò sórí máàpù, ẹni yẹn ló kọ ọ́; ẹlòmíràn lè tún un ṣe. Lọ́jọ́ tí ẹ bá di ẹgbẹ́ onílétà, tó ní alága àti akọ̀wé, alága ni wọ́n á wá bá pé, "Kí ló dé tí ẹ fi ilẹ̀ wa sábẹ́ tiwọn?" Kí àwọn trustee yín ti ìhà méjèèjì wá, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé òfin pé ẹgbẹ́ kò ní máa dá sí ọ̀rọ̀ ààlà.

Kẹ́ ẹ tó pinnu, ẹ ṣe èyí nípàdé tó ń bọ̀: ẹ kọ gbogbo ohun tó jẹ́ tẹgbẹ́ àti ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kí akápò buwọ́ lu ìwé pé owó ẹgbẹ́ ni iye báyìí tó wà lọ́wọ́ òun, kì í ṣe tòun, kí ẹlẹ́rìí méjì sì fọwọ́ sí i. Ẹ fún ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀dà kan.