Ṣé Kádàrá Ló Pa Tess, àbí Èèyàn?

Ìbéèrè tá a bi yín lóṣù tó kọjá rèé: nínú Tess of the d'Urbervilles, ìwé ìtàn àròsọ tí Thomas Hardy kọ, tó jáde lọ́dún 1891, kí ló dé tí Angel, ọkọ Tess, ò fi mọ ohun tójú Tess ti rí lọ́wọ́ Alec, ọkùnrin tó fún un lóyún ṣáájú, títí Angel àti Tess fi ṣègbéyàwó? Ẹ ṣeun gan-an, ìdáhùn yín pọ̀. Mo mú mẹ́ta.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ní kádàrá ni. Tess ti jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ sínú lẹ́tà, ó ti tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn Angel, àfi bí lẹ́tà ṣe lọ wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Torí ẹni bá ti kọ̀, kí lèèyàn fẹ́ ṣe? Ṣé mo gbà á?" (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Abẹ́òkúta)

Ẹ kú kíkà, mà. Máàkì 5 nínú 10 lẹ gbà. Ibi kápẹ́ẹ̀tì yẹn lọ̀pọ̀ yín dúró sí, mo sì mọ ìdí ẹ̀, ó máa ń dun èmi náà, ọmọbìnrin yẹn ò wọ bàtà, ó ń yọ́ gun àtẹ̀gùn lóru, ojú ewé mẹ́rin tó kọ ọ̀rọ̀ ayé ẹ̀ sí ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣí ìwé síwájú díẹ̀, mà. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, December 31, Tess fúnra ẹ̀ ló rí lẹ́tà yẹn, wọn ò tíì já a, ló bá bà á jẹ́. Ó wá pàdé Angel lórí àtẹ̀gùn, ó ní òun fẹ́ jẹ́wọ́ gbogbo àṣìṣe òun, Angel ní rárá o, kò sọ́rọ̀ àṣìṣe lónìí, ká fi í sílẹ̀ dìgbà tá a bá ti fìdí kalẹ̀. Ṣé kápẹ́ẹ̀tì ló sọ ìyẹn? Kó tó dìgbà yẹn pàápàá, ìyá tó bí Tess ti kọ̀wé sí i pé kò gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan fọ́kọ.

Nígbà tó dalẹ́, Angel ló kọ́kọ́ jẹ́wọ́, pé òun lo wákàtí 48 pẹ̀lú obìnrin kan tóun ò mọ̀ rí ní London, Tess sì dárí jì í lójú ẹsẹ̀, inú ẹ̀ tiẹ̀ dùn pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra. Òun náà wá sọ tiẹ̀. Angel ní kì í ṣe Tess lobìnrin tóun ń fẹ́ bọ̀. Mo ti ka ibẹ̀ lọ ka ibẹ̀ bọ̀, mi ò lè pe ìyẹn ní kádàrá.

"Tíṣà wa ní ká sọ ìdí tí Hardy fi kọ ọ́ sára ìwé pé obìnrin mímọ́ ni Tess. Ṣebí ó gún Alec lọ́bẹ pa?" (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn)

Ọmọ mi, má bẹ̀rẹ̀ látibi ọ̀bẹ. Bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ Sorrow, ọmọ tó bí fún Alec. Nígbà tọ́mọ náà fẹ́ kú lóru, tí bàbá Tess ti tilẹ̀kùn mọ́ àlùfáà síta, Tess jí àwọn àbúrò ẹ̀ kéékèèké, wọ́n kúnlẹ̀ yí i ká, ó bomi sínú abọ́, òun fúnra ẹ̀ ló ṣe ìrìbọmi fọ́mọ ẹ̀. Àlùfáà ò gbà kí wọ́n sin ín bí wọ́n ṣe ń sin Kristẹni, àárín èsìsì ni wọ́n sin ín sí. Tess so igi pẹlẹbẹ méjì pọ̀ bí àgbélébùú, ó tún gbé òdòdó sínú ìgò jáàmù síbẹ̀. Kọ ìyẹn sínú ìdáhùn ẹ, kó o wá bi tíṣà ẹ ta ni ò mọ́ níbẹ̀.

"Kí ni Angel wá lọ sí Brazil?" (Òǹkàwé kan, Èkó)

Lẹ́yìn tó fi Tess sílẹ̀ torí ohun tó jẹ́wọ́ yẹn, iṣẹ́ oko ló bá lọ, ibà ló rí, nítòsí Curitiba. Ibẹ̀ lojú ẹ̀ ti là, ó padà wálé, Tess sì ti wà lọ́dọ̀ Alec.

Ìbéèrè tuntun rèé o. Tess ń sùn nígbà tí ẹṣin wọn kú lójú ọ̀nà, ó ń sùn nínú igbó nígbà tí Alec padà bá a, ó tún ń sùn lórí òkúta ní Stonehenge, ibi táwọn òkúta ńlá àtijọ́ wà ní England, nígbà táwọn ọlọ́pàá tó wá mú un torí ikú Alec yí i ká, Angel ní kí wọ́n jẹ́ kó sun ún tán. Kí lẹ rò pé Hardy ń fi oorun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sọ fún wa?