Sí àbúrò mi tó dé ẹnu géètì lẹ́ẹ̀mejì

Kubwa ni lẹ́tà yìí ti wá. Mo gé e kúrú, mo sì yọ gbogbo ohun tí wọ́n lè fi dá a mọ̀:

"Ẹ káalẹ́ o Mummy. Iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Àbújá, mo ti lé lógójì ọdún. Alhaji ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, wọn ò mọ̀ pé ọtí inú ọ̀rá ló kún abẹ́ síìtì mọ́tò mi. Ìyàwó mi ti kó àwọn ọmọ lọ sí Ilọrin. Nígbà ààwẹ̀ tó kọjá mo ní mo ti jáwọ́, ọjọ́ kejì ni ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn bò mí, mo bá tún padà sídìí ẹ̀. Mo rí ìpàdé AA kan lórí fóònù, Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, inú họ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ẹnu géètì, mo jókòó sínú mọ́tò, mò ń wo ọkùnrin kan tó ń to àga, mo wá yí mọ́tò padà. Tí ẹni tó mọ̀ mí bá rí mi ńkọ́?"

Àbúrò mi, ibi tóo ti jókòó sínú mọ́tò yẹn ni ò jẹ́ kí n lè gbé lẹ́tà ẹ sílẹ̀. Ẹni tí ò fẹ́ jáwọ́ kì í lọ jókòó síwájú géètì yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ohun tí AA sì ń béèrè ò ju ìyẹn lọ, pé kó wù ẹ́ láti jáwọ́. Wọn kì í bu owó lé ẹnikẹ́ni, orúkọ kan ṣoṣo tó, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ pé ọmọ ta ni ẹ́.

Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, dókítà lo máa kọ́kọ́ rí. Torí ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ni o. Kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ ẹ ò tó. Ọpọlọ tí ọtí ti ń pẹ̀tù sí láti ọjọ́ yìí, tí ọtí bá kúrò lójijì, ńṣe ló máa ń ya kiri bí ẹṣin tó já okùn. Gìrì lè gbé èèyàn láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ìkẹrin, ẹlòmíì á máa rí ohun tí ò sí níbẹ̀, á máa sọ kántankàntan, ó sì ń pa èèyàn. Torí náà má dá já a lójijì. Lọ sí National Hospital tàbí teaching hospital ti Gwagwalada, sọ iye tóo ń mu fún wọn, má bù ú kù, torí iye yẹn ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó fún ẹ loògùn, wọ́n á sì fún ẹ ní fáítámì B1. Tí gìrì bá gbé ẹ nílé, kí wọ́n gbé ẹ lọ síbẹ̀ kíá, kí wọ́n má pè é ní ogun ilé.

Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, yàrá lásán ni wọ́n ń lò níbẹ̀, AA kì í ṣe ìjọ. Ọ̀mùtí méjì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Akron, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1935, Bill Wilson àti Dókítà Bob Smith, wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ láti ẹnu ẹni tí ọtí ti nà rí máa ń wọ ọ̀mùtí létí ju ìwàásù lọ. Lóòótọ́ wọ́n ń dárúkọ Ọlọ́run nínú ìgbésẹ̀ 12 tí wọ́n ń tẹ̀lé láti jáwọ́, àmọ́ Ọlọ́run bí kálukú ṣe mọ̀ Ọ́n ni, Allah tóo ń kírun fún láàárọ̀ náà ni.

Ẹni tó mọ̀ ẹ́ wá ńkọ́? Kí lòun náà wá ṣe níbẹ̀? Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín, mi ò gbà bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo ti bá wọn sin èèyàn méjì tó gbà á gbọ́. Tóo bá fẹ́ kó jẹ́ àwọn tọ́rọ̀ kàn nìkan ló máa wà níbẹ̀, closed meeting ni kóo béèrè, open meeting ni ẹnikẹ́ni lè wọ̀.

Open meeting ni mo bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ nígbà kan. Àga rọ́bà, fáànù kan tó ń han. Wọ́n fún un ní tíì, ife kún dẹ́nu, ó fọwọ́ méjèèjì dì í mú, síbẹ̀ ó ń dà sí i lórí ṣòkòtò. Bàbá tó jókòó tì í ò wojú ẹ̀, ò sọ nǹkan kan, ó gba ife náà, ó da ìdajì ẹ̀ sínú tiẹ̀, ó dá a padà fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ò lanu lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó fipá mú un, wọ́n gbé àpò owó tíì kọjá níwájú ẹ̀, ó jẹ́ kó kọjá. Ìgbà tá à ń padà nínú mọ́tò ló ní, "Bàbá yẹn mọ̀ ọ́n." Ọ̀sẹ̀ kejì, òun nìkan ló dá lọ.

Kóo tó lọ, yẹ ìkànnì aa.org wò, kàn sí wọn, torí ọjọ́ àti ibi ìpàdé máa ń yí. Sọ fún ẹni tó bá dá ẹ lóhùn pé o ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì, kó wá dúró dè ẹ́ ní géètì. Ti orí Zoom náà wà tọ̀sán tòru, o lè pa kámẹ́rà, ó dáa fún alẹ́ tí ọkàn ẹ bá ń fà sí ọtí, ṣùgbọ́n má fi ìyẹn sá fún géètì yẹn.

Ìyàwó ẹ, má tíì sọ fún un pé o ti jáwọ́, ó ti gbọ́ ìyẹn tó. Sọ fún un pé o ti rí dókítà. Àwọn ará ilé ọ̀mùtí náà ní ìpàdé tiwọn, Al-Anon, ìyàwó Bill Wilson wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 1951.

Ọkùnrin tó ń to àga yẹn, ó ṣeé ṣe kóun náà ti dúró síta géètì rí. Lọ́jọ́ tóo bá ń lọ, tètè dé kóo bá a tò ó, kí ọwọ́ ẹ lè ríṣẹ́ ṣe. Kọ̀wé sí mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ìlà kan péré, mò ń retí ẹ̀.