Màmá ń gbàgbé nǹkan: ṣé ká tu owó jọ fún abẹ́rẹ́ tuntun ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ọmọ ọdún 71 ni màmá wa, Ìtòkú ni wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Láti bí ọdún kan báyìí, ohun kan náà ni wọ́n máa ń béèrè ṣáá, wọ́n sì máa ń fún oníbàárà ní ṣéńjì lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ní ogbó ni, àwọn kan ní àfọwọ́fà ayé ni. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́ tuntun ti wà fún un. Ṣé ká tu owó jọ? Ṣé èmi náà máa jogún ẹ̀? Láti Lafẹ́nwá, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó lórí abẹ́rẹ́. Òótọ́ làbúrò yín sọ o. Lọ́dún 2023 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lecanemab, oògùn Alzheimer (àrùn tó ń ba iyè jẹ́ díẹ̀díẹ̀) tí wọ́n ń fà sí iṣan lọ́sẹ̀ méjì-méjì láti kó ìdọ̀tí amyloid kúrò nínú ọpọlọ. Àmọ́ kì í dá iyè tó ti ra padà. Nínú ìwádìí olóṣù 18, ó kàn dín eré tí àìsàn náà ń sá kù ní nǹkan bí ìdá 27 nínú 100 ni. Ó sì lè mú kí ọpọlọ wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya àwòrán orí aláìsàn léraléra.

Àpò oògùn màmá ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ń lo Piriton lálaalẹ́ kí wọ́n lè rí oorun sùn. Oògùn yìí ń dènà acetylcholine, èròjà tí ọpọlọ fi ń rántí nǹkan. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí kò sẹ́ni tó ń kà á sí oògùn mọ́. Ẹ kó gbogbo ohun tí wọ́n ń lò dání lọ bá dókítà, àgbo náà ńkọ́, ẹ má fi pamọ́. Ẹ má dá oògùn tí dókítà kọ dúró fúnra yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, etí. Ẹ dúró sẹ́yìn wọn, kí ẹ rọra béèrè nǹkan. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò etí. Ohun téèyàn ò gbọ́, kò lè rántí ẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet to nǹkan 14 jọ lọ́dún 2024 tó ń dá kún àrùn ìgbàgbé tó sì ṣeé ṣàtúnṣe. Etí dídi wà lára èyí tó le jù níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, fítámì B12 àti táírọ́ìdì (ẹṣẹ́ inú ọrùn) wò. Ìbànújẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ náà máa ń dà bí ìgbàgbé, pàápàá lára ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sí Aró, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ. Láti 1954 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé ẹbí wà lára ìtọ́jú. Ojú tó ń ti mọ̀lẹ́bí ló ń pa aláìsàn lára.

Ní ti ogún: lọ́dún 1992 ni àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, Amẹ́ríkà. Àbájáde 2001 fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà lọ́dún, nǹkan bí 1.15 ni Alzheimer ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Ìbàdàn, ti Indianapolis sì jẹ́ 2.52. Àbùdá APOE4, ohun àjogúnbá tó lè mú kí Alzheimer tètè mú èèyàn, tí àwọn òyìnbó ń bẹ̀rù, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ lára tiwa. Nítorí náà, dípò kí ẹ máa bẹ̀rù ogún, ẹ lọ wọn ìfúnpá tiyín náà, torí ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára nǹkan 14 tó ṣeé ṣàtúnṣe yẹn.

Ní báyìí, ẹ wá ẹni táá máa jókòó ti màmá nídìí owó ní ìsọ̀, ẹ má sì bá wọn jiyàn níwájú oníbàárà. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sùn àjẹ́ kàn wọ́n. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá ṣàdédé dàrú láàárín ọjọ́ kan, tí ẹnu wọ́ tàbí tí ibà mú wọn, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.