Ẹ Bi Mí, Kí N Sọ: Fíìmù Tí Kò Lókìkí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ọmọ àbúrò mi ló fà mí lọ wo fíìmù kan tí àwọn ọ̀dọ́ fi owó ara wọn ṣe, ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Yábàá. Ìdajì ọ̀rọ̀ wọn ni mo gbọ́. Nígbà tó yá, fíìmù kàn dúró bí ẹni pé iná lọ. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Kí ni wọ́n rí tí èmi ò rí?
Ìyá Ìbejì, Èbúté Mẹ́ta

Ìyá Ìbejì, etí yín ò parọ́. Ọdún 9 ni mo fi gbé ọ̀pá gbohùngbohùn ní lokéṣọ̀n káàkiri Sùúrùlérè, ìró ló sì kọ́kọ́ máa ń ba irú fíìmù bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Olówó lè gba ilé tó dá wà, kó sì bẹ àdúgbò pẹ̀lú owó kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Ọmọ tó ń fi owó àjọ ṣe fíìmù, yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ṣómólú ló máa lò. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń ké, ọlọ́kadà ń fun fèrè, oníbúrẹ́dì ń polówó. Kí a tó kúrò nínú yàrá kan, ó yẹ kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí a gba ìró yàrá yẹn nìkan sílẹ̀. Òun ni ẹni tó ń gé fíìmù máa fi dí ojú ibi tó gé. Ìṣẹ́jú àáyá 30 péré! Àmọ́ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí ebi ń pa àwọn òṣèré, wọ́n á ní ká fò ó. Ẹ̀yin òǹwòran lẹ máa wá gbọ́ ihò náà: ariwo ń lọ, ó já, ariwo tún bẹ̀rẹ̀.

Ti ìparí tó já lójijì, owó ló máa ń tán ṣáájú ìtàn.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ rí ohun tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. Nínú ọ̀kan tí mo wò, obìnrin kan jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ka owó gààrì. Ó kà á tán, ó tún un kà. Ó rọra to etí náírà 200 kan tó ti ya pọ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ́ ẹ. Kò sọ̀rọ̀. Kò sí orin tó ń ní ká sunkún. Kámẹ́rà ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò tíì gbàgbé ọwọ́ yẹn. Ẹni tó ná owó rẹpẹtẹ kì í lè ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á kí òǹwòran má dìde, ó ti ní kí òṣèré olókìkí wọlé.

Ẹ wá fíìmù Eyimofe wò, tí àwọn ìbejì Arie àti Chuko Esiri yà ní Èkó níbí, tó dé àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2020. Oníṣẹ́ iná ni Mofe inú ìtàn náà, ó ń wá ọ̀nà lọ Sípéènì. Èkó tí ẹ̀ ń gbé gan-an lẹ máa rí.

Ẹ̀gbọ́n, mo ní ₦400,000, mo fẹ́ ya fíìmù oníṣẹ́jú 15. Kámẹ́rà wo ni kí n háyà?
Ọmọ Àkọkà

Àbúrò, má háyà kankan. Fóònù rẹ tó. Wá ẹni tó mọ iṣẹ́ ìró, sanwó tiẹ̀ kí o tó sanwó ẹnikẹ́ni, kí o sì ya ìran ìparí ní ọjọ́ kejì, nígbà tí owó oúnjẹ ṣì wà. Lọ sí yàrá tí o fẹ́ lò ní aago méje alẹ́. Jókòó, dijú, ka iye jẹnẹrétọ̀ tí o gbọ́. Tó bá ju méjì lọ, wá yàrá mìíràn.