Ẹ Bi Wá: Espresso mi ń kan lónìí, ó ń korò lọ́la

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan l'Ókè-Fìà níbí l'Óṣogbo, mò ń ta kọfí àti búrẹ́dì, mo sì ra ẹ̀rọ espresso tòkunbọ̀, èyí tó ń fi agbára ti omi gbígbóná gba inú kọfí lílọ̀ kọjá kó lè jáde ní kíki. Mo fẹ́ máa fi atalẹ̀, oyin àti èèpo ọsàn sí i kí tèmi lè yàtọ̀, àmọ́ lónìí á kan, lọ́la á korò, àwọn kọ́sítọ́mà ti ń ráhùn. Ṣé kí n kúkú fi kún oyin ẹ̀ ni?
Oníkọfí, Òkè-Fìà

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú oríire ṣọ́ọ̀bù. Jọ̀ọ́, gbé oyin yẹn sílẹ̀ ná. Tí kọfí fúnra ẹ̀ ò bá dúró sójú kan, báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá atalẹ̀ ló jẹ́ kó dùn àbí kọfí ló kàn bọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn?

Ìwọ̀n kan ni kó o kọ́kọ́ dì mú: kọfí lílọ̀ gíráàmù 18, kí gíráàmù 36 jáde sínú kọ́ọ̀pù, láàárín sẹ́kọ́ǹdì 25 sí 30. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ra síkéèlì kékeré, má fi ṣíbí wọ̀n ọ́n rárá, torí kọfí tó kúnná àti èyí tí ò kúnná ò wúwo bákan náà nínú ṣíbí.

Tó o bá ti tẹ ẹ̀rọ, má lọ gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wo ẹnu ẹ̀: ó máa kọ́kọ́ kán tó-tó-tó, dúdú, lẹ́yìn náà á máa ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́, tó bá ti wá ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó ń já bí omi lásán, gbé kọ́ọ̀pù kúrò. Tó bá ń ta sọ́tùn-ún ta sósì, o ò tẹ kọfí yẹn kó tẹ́ pẹrẹsẹ nìyẹn, omi ti rí ọ̀nà àbùjá gbà.

Tó bá yára jáde tó sì kan, lọ̀ ọ́ kó kúnná sí i, tó bá pẹ́ tó sì korò, dín kíkúnná ẹ̀ kù. Nǹkan kan ṣoṣo ni kó o máa yí padà lẹ́ẹ̀kan o! Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́, tó o bá da kọ́ọ̀pù bíi mélòó kan nù láàárọ̀ kí kọ́sítọ́mà tó dé, kì í ṣe òfò, torí bí kọfí ṣe ń pẹ́ nínú nylon ni omi ń tètè gba àárín ẹ̀ kọjá, ohun tó ṣe dáadáa ní Mọ́ńdè lè má ṣe dáadáa mọ́ ní Fráídè.

Ti NEPA náà ńkọ́? Tí iná bá lọ tó dé, má gbára lé gílóòbù pupa tó tàn yẹn, ìwọ̀n gbígbóná omi gbọ́dọ̀ wà láàárín 90 sí 96°C, irin ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ gbóná, fún un tó bí ogún ìṣẹ́jú. Omi bọ́hòò tó bá ń fi ẹfun sídìí kẹ́tù, má bù ú sínú ẹ̀rọ ẹ, ó máa dí i.

Tí kọ́ọ̀pù ẹ bá ti ń dọ́gba láàárọ̀ àti lálẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í dán tìẹ wò, àní èèpo ọsàn yẹn wù mí gan-an. Ṣùgbọ́n inú mílíìkì ni kó o ti se atalẹ̀, kó o sì sẹ́ ẹ, má pò ó mọ́ kọfí nínú abọ́ ẹ̀rọ, ihò tí omi ń gbà sọ̀ kalẹ̀ ló máa dí.