Fún ẹni tó ṣe bypass tó fẹ́ bá àwọn àna lọ jẹun níta

Àbúrò mi, o ní oṣù mẹ́ta rèé tí wọ́n ṣe bypass fún ẹ, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń sọ ikùn di kékeré kéèyàn lè fọn, àwọn àna ẹ ń bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ yìí, wọ́n sì fẹ́ kó gbogbo ilé lọ jẹun níta, o wá ń béèrè bóyá kó o kúkú sọ pé ara ẹ ò yá. Má sọ bẹ́ẹ̀ o jàre, bá wọn lọ. Bypass lèmi náà ṣe, ó ti tó ọdún mélòó kan, mo ń jẹun ní bùkà, mo ń jẹun lóde àríyá, ṣùgbọ́n ojú mi rí màbo kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ìwọ fúnra ẹ ni kó o pe oúnjẹ ẹ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bù ú fún ẹ, ì báà ṣe ìyá ọkọ. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ máa bu púpọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ikùn tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa ò ju ẹyin adìyẹ lọ, nǹkan bíi 30 ml ni níbẹ̀rẹ̀.

Ẹja ni kó o pè. Ní Ẹ̀pẹ́ tá a wà yìí Ọlọ́run ti bá wa ṣe é, ọjà Olúwo wà níbẹ̀, ẹja àrọ̀ ni o, ẹ̀pìyà ni o, èyí tí wọ́n sè nínú ọbẹ̀ tàbí pẹ́pẹ́súùpù ni kó o mú, kì í ṣe èyí tí wọ́n dín gbẹ, kó o sì ní kí wọ́n dín ata kù. Púrótéènì la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ, 60 sí 80 gíráàmù lójúmọ́ ni wọ́n máa ń ní ká gbìyànjú ẹ̀, tó o bá wá fi ẹ̀bà di gbogbo àyè yẹn, níbo lẹja fẹ́ gbà wọlé? Mọ́ínmọ́ín náà dáa. Ṣàkì, pọ̀nmọ́, ìgbín, fi wọ́n sílẹ̀ ná, ìgbín Ẹ̀pẹ́ dùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Tòlótòló díndín kan há sí mi láyà níbi ìsìnkú kan, itọ́ tó ń hó kún ẹnu mi, mi ò lè gbé e mì, mi ò lè sọ̀rọ̀, ó pẹ́ kó tó wálẹ̀. Tó bá ṣe ẹ́ bẹ́ẹ̀ má mu omi lé e o, omi ò ní tì í lọ, orí ẹ̀ ló máa dúró sí, ìrora á wá pọ̀ sí i. Dìde, rìn díẹ̀díẹ̀, tu itọ́ dànù.

Ẹ̀bà máa ń wú, iyán máa ń lẹ̀. Tó bá ń wù ẹ́, jẹ ẹja tán ná, kó o wá fi àmàlà bíńtín tọ́ ẹ̀fọ́ wò. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn bùkà nìyẹn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ta nǹkan, o lè ní ẹja kan, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, kò sí òkèlè, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ léèrè. Tó bá jẹ́ ilé oúnjẹ ńlá, kí ìwọ àtọkọ ẹ pe àwo kan, kí èyí tó bá kù wọ tékàwéè.

Omi, mu ún ní bí ìṣẹ́jú 30 kí oúnjẹ tó dé, tó o bá ti ń jẹun gbé ife sọ́hùn-ún, ó tún di ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn tó o bá jẹ tán. Mọ́ọ̀tì, mínírà, zobo tí wọ́n da ṣúgà sí, má fọwọ́ kàn án. Àwa tá a ṣe bypass, oúnjẹ ò gba ẹnu ọ̀nà tó ń dá a dúró mọ́ (àwọn tó ṣe sleeve, ìyẹn àwọn tí wọ́n kàn gé apá kan ikùn wọn kúrò, ṣì ní tiwọn), ìfun ni ṣúgà máa já sí tààrà, láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30 àyà á máa lù kìkì, òógùn á bò ẹ́, inú á máa lọ́ ẹ, ìgbọ̀nsẹ̀ á gbé ẹ. Dumping ni wọ́n ń pè é. Òmíràn máa ń dé lẹ́yìn wákàtí kan sí mẹ́ta, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, òòyì á máa kọ́ ẹ, ara á máa gbọ̀n. Wáìnì ńkọ́? Ọtí máa ń tètè wọ̀ wá lára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó bá jẹ́ ìwọ lo máa wakọ̀ lójú títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, má fẹnu kàn án rárá.

Ti àwọn àna, bá ọkọ ẹ sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kó lè gbà ẹ́ sílẹ̀. Ìyá ọkọ máa béèrè pé ṣé oúnjẹ ò dùn ni, ó sì lè ní àbí o ti lóyún. Kò pọn dandan kó o máa ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ fún gbogbo tábìlì. “Ẹ ṣé mà, mo ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni” ti tó, kó o sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lóòótọ́, bu kékeré, rún un dáadáa, gbé síbí sílẹ̀, bá wọn tàkúrọ̀sọ, kó o tún wá bu òmíràn. Tí imú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, tí òsúkè bá mú ẹ, tàbí tí àyà bá ń fún ẹ, ó ti tó nìyẹn, ì báà ṣe ẹyọ síbí kan ló kù.

Tẹ́ ẹ bá wá délé tí èébì ò dá, tí omi lásán ò dúró nínú ẹ, tàbí tí inú ń dùn ẹ́ burúkú, lọ sí ilé ìwòsàn tó o ti ṣe é lọ́jọ́ náà gan-an, má dúró dìgbà tí àwọn àlejò bá lọ.