Ọmọ mi fẹ́ máa lọ sí Weeksville lọ́jọ́ Sátidé: ṣé kí n gbà fún un?

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ọmọ. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ fi lọ̀ yín, torí ẹ ti pẹ́ jù mí lọ ní Brooklyn níbí, ojú wa náà sì làwọn ọmọ yín ṣe dàgbà.

Fọlárìn pé ọmọ ọdún 13 nínú oṣù kẹta. Tíṣà wọn kó wọn lọ wo àwọn ilé onípákó àtijọ́ kan ní Bergen Street, ibi tí wọ́n ń pè ní Weeksville. Látìgbà tó ti dé ni kò ti jẹ́ kí n gbádùn. Ó ní òun fẹ́ máa lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé, kí òun máa bá wọn ṣe ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí òun ṣe. Sátidé yìí kan náà ló ń lọ sí lẹ́sìnnì ìṣirò. Bàbá rẹ̀ ní ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà nìyẹn, kò kàn wá. Ó ní ọmọ tí kò tíì mọ agbo ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ló ń wá nínú ilé onílé? N ò fẹ́ kí ọmọ fi àkókò ṣòfò, n ò sì fẹ́ pa iná tó ń jó nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ rí sí i?

Ìyá Fọlárìn

Àbúrò mi, mo rí ọ̀rọ̀ rẹ, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Jẹ́ kó lọ. Èsì mi nìyẹn. Àlàyé ló kù, kí ìwọ náà lè rí nǹkan bá bàbá rẹ̀ sọ.

Ọdún 1827 ni òfin fòpin sí oko ẹrú ní New York. Ní 1838, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń já ẹrù ní èbúté, James Weeks lorúkọ rẹ̀, ra ilẹ̀ sí apá ibẹ̀ yẹn. Àwọn èèyàn rẹ̀ mìíràn náà ń rà. Ilé kíkọ́ nìkan kọ́ ló sún wọn débẹ̀ o. Òfin New York nígbà náà ní ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí kò bá ní ilẹ̀ tí owó rẹ̀ tó 250 dọ́là kò gbọdọ̀ dìbò. Wọn ò béèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ aláwọ̀ funfun. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ ti ra ohùn nìyẹn. Kó tó di 1860, wọ́n ti lé ní 500 níbẹ̀, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ilé ìwé tiwọn. Nígbà tí àwọn jàǹdùkú sì ń lé aláwọ̀ dúdú kiri ní Manhattan lọ́dún 1863, tí wọ́n ń pa wọ́n, tí wọ́n ń sun ilé wọn, Weeksville ni ọ̀pọ̀ sá wá. Ìwọ tí o mọ ohun tí ilẹ̀ jẹ́ lójú Yorùbá, ṣé irú ìtàn yìí ṣàjèjì sí ọ?

Lẹ́yìn náà ni Brooklyn gbilẹ̀, títì bo ilẹ̀, orúkọ náà sì parẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Ní 1968, James Hurley tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní ìtàn àdúgbò rí orúkọ náà nínú ìwé àtijọ́, ó sì fẹ́ mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Òun àti Joseph Haynes tó mọ bàálù wà bá gbéra, wọ́n fi bàálù kékeré fò lórí àdúgbò náà. Ohun tí wọ́n rí látòkè ni kì í kúrò lọ́kàn mi: ilé onípákó mẹ́rin tí kò kọjú sí Bergen Street bí àwọn ilé yòókù. Wọ́n kọjú sí ọ̀nà kan tí kò sí mọ́. Hunterfly Road lorúkọ ọ̀nà yẹn, ó ti wà kí wọ́n tó la àwọn títì tá à ń rìn lónìí. Ọ̀nà ti lọ, ilé ṣì ń wojú ọ̀nà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan Fọlárìn gan-an rèé. Àwọn ọmọ iléèwé wà lára àwọn tó gba ibẹ̀ là. Ìjọba fẹ́ wó àwọn ilé kan nítòsí láti kọ́ tuntun, àwọn ará àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ kí katakata tó dé. Àwọn ọmọ iléèwé P.S. 243 wà pẹ̀lú wọn, wọ́n ń fọwọ́ ṣa àfọ́kù àwo àti ìgò nínú erùpẹ̀. Fọ́tò kan jáde níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń yà sára páànù láyé àtijọ́: obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó múra dáadáa, ó tẹjú mọ́ ẹni tó ń wò ó. Títí dòní, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Weeksville Lady ni wọ́n kàn ń pè é. Àwọn ọmọ yẹn tún lọ dúró níwájú ìgbìmọ̀ ìlú New York, wọ́n fẹnu ara wọn ro ẹjọ́ àwọn ilé náà, ní 1970 ìgbìmọ̀ sì fòǹtẹ̀ lù ú pé wọn ò gbọdọ̀ wó wọn. Ní 1973, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti tọ́jú ìtàn àdúgbò náà ra àwọn ilé ọ̀hún. Joan Maynard ló tukọ̀ ẹgbẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń wá owó, ó ń bẹ ìjọba. Nígbà tó yá, wọ́n tún ilé ṣe, wọ́n sì ṣí i fún aráyé ní 2005. Ní 2019 owó tán lọ́wọ́ wọn débi pé wọ́n fẹ́ tìlẹ̀kùn. Wọ́n ní kí aráàlú bá àwọn wá 200,000 dọ́là, owó tó wọlé sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Sọ fún bàbá Fọlárìn pé ibẹ̀ kàn wá ju bó ṣe rò lọ. Ní 1858, àwọn aláwọ̀ dúdú kan dá ẹgbẹ́ African Civilization Society sílẹ̀, Henry Highland Garnet ni olórí wọn. Ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ń fojú sùn, wọ́n fẹ́ káwọn èèyàn wọn wá tẹ̀dó síbẹ̀, kí wọ́n máa gbin òwú. Lákòókò yẹn náà ni àwọn aláwọ̀ dúdú méjì láti Amẹ́ríkà, Martin Delany àti Robert Campbell, wá sí Abẹ́òkúta láti wá ilẹ̀ tí àwọn èèyàn wọn máa tẹ̀dó sí. Ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá 1859 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú Aláké Òkúkẹ́nù àti àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá, Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn ẹlẹ́rìí. Àdéhùn yẹn ò dúró. Campbell padà wá sí Èkó, ó dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ ní 1863. Ẹgbẹ́ tí mo ń wí yìí ńkọ́? Weeksville ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn Freedman's Torchlight jáde ní 1866, tí wọ́n ń fi kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ní ìwé kíkà. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, Brooklyn níbí ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo èyí, ó sì dùn mí pé n kò gbọ́ ọ nílé.

Àmọ́ kì í ṣe nítorí Abẹ́òkúta ni mo ṣe ní kó lọ. Nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àdùkẹ́ ni. Ó tó ọmọ ọdún 14 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Weeksville. Ibẹ̀ ló ti rí i pé ohùn àwọn àgbàlagbà àdúgbò wà ní ìpamọ́, àti pé ohun tí wọ́n ń tọ́jú kì í dá wà, wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn: ta ló ni ín, ìgbà wo, níbo. Nígbà tí ìyá mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta, mo gbé àwọn fọ́tò ilé jáde. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí èmi fúnra mi ti ń wò láti kékeré: obìnrin kan jókòó lórí àga, ó fi ìborùn lé èjìká, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí itan. N kò béèrè ẹni tó jẹ́ rí. Àdùkẹ́ mú un, ó ní, "Màámá, ẹ̀yin mọ ẹni yìí, àbí kò lórúkọ bíi ti ibẹ̀ yẹn?" Ìyá mi gbà á, ó sún un mọ́ iná, ó ní, "Ìyá Aké nìyí. Òun ló wo èmi dàgbà." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Àdùkẹ́ ti tẹ fóònù rẹ̀, ohùn ń wọlé. Ìṣẹ́jú 40 ni ìyá mi fi sọ̀rọ̀ lóru ọjọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ n kò gbọ́ rí. Nígbà tó parí, ọmọ mi kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ọjọ́ tó sọ ọ́ àti ibi tó ti sọ ọ́ sínú ìwé pélébé, ó fi sẹ́yìn fọ́tò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ìyá mi lọ. A máa ń sọ pé bí ọmọdé ò bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá ni baba ìtàn. Àrọ́bá Ìyá Aké ì bá ti bá ìyá mi wọlẹ̀.

Ní ti lẹ́sìnnì, bá olùkọ́ rẹ̀ sọ ọ́ kó gbé e sí ìrọ̀lẹ́ Wẹ́sidé. Ohun tí mo ṣe fún Àdùkẹ́ nìyẹn, ìṣirò rẹ̀ kò fàsẹ́yìn. Kọ́kọ́ pe àwọn ará Weeksville, kí o béèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ọdún 13, torí kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kọ́mọdé fọwọ́ kàn. Tí wọ́n bá ní kò tíì tó, ẹ máa lọ wò ó bí àlejò, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ti Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá rẹ̀ ń sọ, òótọ́ ló sọ, òun náà ló sì ni iṣẹ́ yẹn. Ṣé ìyá rẹ̀ ṣì wà? Kó pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Sọ́ńdè yìí, kí Fọlárìn jókòó tì í, kó ti kọ ìbéèrè márùn-ún sílẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ béèrè orúkọ agbo ilé wọn àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó.

Mo wà nílé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Mú un wá lẹ́yìn aago méjì, Àdùkẹ́ á fi fọ́tò yẹn hàn án, á sì jẹ́ kó gbọ́ ohùn Màámá. Kí bàbá rẹ̀ náà bá yín wá.

Ìyá Àdùkẹ́